Mo Yọ Orúkọ Àṣàkẹ́ Kúrò

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ yín. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi lè bá yín sọ ọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún mi lójú ẹni tí mo ṣẹ̀, mo sì dìde, mo tẹrí ba, mo gba àtẹ́wọ́ náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni inú ti ń bí mi. Inú ń bí mi sí ara mi. Inú ń bí mi sí àwọn tó pàtẹ́wọ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi.

Mo ń bójú tó jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Ìkòsí, ní Kétu. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn kan tó wà lókè òkun ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Yàrá méjì lẹ́yìn ilé lánlọ́ọ̀dù wa la ń lò. Ọmọ àwọn alábàárù, ọmọ àwọn tó ń gbálẹ̀ ọjà, ọmọ àwọn tó ń kiri omi, àwọn là ń gbà, láti ìgbà tí wọ́n bá ti lé ní ọdún méjì títí wọ́n á fi pé márùn-ún. Wọ́n á mu ògì láàárọ̀, wọ́n á kọrin, wọ́n á ka A, B, D, wọ́n á sùn lọ́sàn-án. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ọmọ tí kò rí ẹni mójú tó o nílé bí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́, òun ló ń kọ́kọ́ wọlé. Èmi fúnra mi ni mo kọ òfin náà.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má bàa rò pé ìkà ni mí láti ilẹ̀. Tàbí bóyá mo kàn ń gbèjà ara mi ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àyè mẹ́rin péré ló ṣí sílẹ̀. Àwọn ìyá tò dé ojú títì. Ìyá Àṣàkẹ́ wà lára wọn. Ará Ìsẹ́yìn ni, èdè ilé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ digbí. Ọjà Mile 12 ló ti ń ṣiṣẹ́. Á máa ṣa tòmátì fún àwọn tó ń já ọjà òkè Ọya, á máa ya èyí tó ti rà kúrò lára èyí tó dára. Bàbá ọmọ náà ti padà sílé, kò sì ránṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yìn ló máa ń pọn Àṣàkẹ́ sí nínú ọjà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti dàgbà, ó ti ń sá káàkiri. Lọ́jọ́ kan, ó ku díẹ̀ kí lọ́rì tó ń fi ẹ̀yìn rìn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní òun ò gbọdọ̀ rí ọmọ náà níbẹ̀ mọ́.

Mo lọ wo ilé wọn. Ajégúnlẹ̀ tó wà lọ́nà Owódé ni, níbi tí odò ti máa ń wọlé bá èèyàn lórí ibùsùn bí òjò bá pọ̀. Yàrá kan ni. Fèrèsé kan ló ní, irin ni wọ́n fi dí i. Àṣàkẹ́ ò dákẹ́ títí mo fi kúrò. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà. Ó bi mí bóyá àwọn ọmọ ilé-ìwé wa máa ń jẹ ẹ̀wà. Ó bi mí ẹni tó bí mi. Ó kọ orin kan fún mi, ó ṣì í kọ, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, orúkọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ. Lọ́jọ́ kejì, mo rí ìyá rẹ̀ lójú ọ̀nà, mo sọ fún un pé kó lọ fọkàn balẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wá bá mi. Mọ́mì la máa ń pè é. Ó ní òun fẹ́ kí ọmọ ọmọ òun bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ibí yìí kò wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Kò halẹ̀ mọ́ mi. Ó kàn ní, “Àǹtí, a tiẹ̀ ń gbèrò àtitún àwọn yàrá ẹ̀yìn yẹn kọ́.” Mo gbọ́ ohun tó sọ, mo sì gbọ́ èyí tí kò sọ. Mo gba ọmọ náà wọlé.

Ìtàn tí mo ti ń sọ fún ara mi láti ọdún mẹ́ta ni pé àyè Àṣàkẹ́ ni Mọ́mì gbà lọ́wọ́ mi. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé yìí náà lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn, kí n tó fa ìwé náà ya. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Irọ́ ni. Àyè tí Mọ́mì gbà, ti ọmọ mìíràn ni, ìyá ìyá ọmọ náà sì padà wá láti ilé láti mójú tó o. Àyè Àṣàkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fún.

Gbàgádà ni ẹ̀gbọ́n mi ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ní mọ́tò. Ọmọ wọn wà nílé-ìwé tí wọ́n ń sanwó fún, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi lọ́jọ́ kan, ó rí bí àwọn ọmọ alábàárù ti ń ka ìwé lọ́dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún. Ó ní, “Ṣé ọmọ àwọn ẹlẹ́rù ló wá sàn ju ẹ̀jẹ̀ ẹ lọ ni?” Òun ló tọ́ mi. Òun ló rán mi níwèé. Mo ro ó pé tí lánlọ́ọ̀dù bá lè gba àyè kan, kí ló dé tí ọmọ ìyá mi ò lè gba òmíràn? Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo jókòó sórí àga mi, mo mú bírò, mo yọ orúkọ Àṣàkẹ́ kúrò.

Ọjọ́ Ẹtì ni ìyá rẹ̀ wá. Ó ti di irun ọmọ náà. Mo ní, “Ìyá Àṣàkẹ́, ẹ má bínú, àyè ti kún.”

Ó wò mí. Ó ní, “Àǹtí, ṣebí ẹ ní kí n fọkàn balẹ̀?”

Mo ní àwọn tòkè òkun ló yí i padà, mo ní kó tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Irọ́ náà kò há mi lọ́fun rárá. Ó ní, “Kò burú, ma.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ti ga ju ẹ̀yìn lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe ń jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ṣòro jù nìyí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ò lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Wọ́n ní ọ̀nà jìn, wọ́n dá a padà sí ilé-ìwé rẹ̀. Àyè náà ṣófo. Ìjókòó kékeré náà wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, mò ń rí i. Mi ò lọ wá Ìyá Àṣàkẹ́. Ojú ń tì mí, mo sì ń sọ fún ara mi pé bóyá ó ti rí ibòmíràn.

Kò rí ibòmíràn. Ńṣe ló máa ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún ọmọ náà láàárọ̀, á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á bẹ obìnrin tó wà ní yàrá kejì pé kó máa dẹ etí sí i. Òjò ńlá kan rọ̀ lọ́jọ́ kan, odò sì kún. Obìnrin yàrá kejì ti jáde. Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ọkùnrin kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú omi ló gbọ́ igbe, ó fi èjìká ṣí ilẹ̀kùn. Orí tábìlì ni ó ti bá Àṣàkẹ́, omi ti dé ìbàdí rẹ̀.

Wọ́n yọ ọ́ láàyè. Ṣùgbọ́n ibà mú un, ibà náà sì le. Omi ò jẹ́ kí wọ́n tètè rí ọ̀nà gbé e dé ilé ìwòsàn. Nígbà tí ibà náà lọ, ó gbé etí ọmọ náà lọ. Àṣàkẹ́ ò gbọ́ràn mọ́. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ náà tán lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnu àwọn tó wá mú ọmọ wọn lọ́sàn-án ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ìyá burúkú kan ní Ajégúnlẹ̀ ti ọmọ mọ́lé. Mọ́mì wà níbẹ̀. Ó ní àwọn obìnrin ìsinsìnyí, owó ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ọmọ. Mo mi orí. Mo ní, “Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i.” Bẹ́ẹ̀ ni mo wí, ní ẹnu ọ̀nà mi, pẹ̀lú ìjókòó tó ṣófo lẹ́yìn mi.

Kí ni wọ́n fẹ́ kí obìnrin náà ṣe? Tó bá gbé ọmọ lọ sọ́jà, wọ́n á ní kò bẹ̀rù mọ́tò. Tó bá jókòó tì í nílé, ebi á pa àwọn méjèèjì. Tó bá fi sọ́dọ̀ aládùúgbò, tí nǹkan ṣẹlẹ̀, wọ́n á ní kí ló gbé ọmọ obìnrin fún ẹni ẹlẹ́ni ṣe. Tó bá tì í mọ́lé, ìkà ni. Kò sí ọ̀nà kan tó lè tọ̀ tí wọn ò ní bá a wí. Àwa tí a ní ilé, tí a ní ìyá ní abúlé tí a lè ránṣẹ́ pè, àwa la mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́mọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó tọ́ ló wá gbà lọ́wọ́ mi, mo sì dí i.

Lọ́dún tó kọjá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo wá a lọ, mo ní kó mú Àṣàkẹ́ wá. Ọmọ náà ti kọjá ọjọ́ orí tí à ń gbà, mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ bá adití sọ̀rọ̀, mo kọ́ àwọn tíṣà mi, àwọn ọmọ náà kọ́ ọ. Gbogbo èèyàn ń sọ pé mo láàánú. Àwọn tòkè òkun gbọ́, wọ́n rán ẹnì kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá kí ó wá rí ọmọ náà, wọ́n sì pe gbogbo òbí sí míìtìn.

Wọ́n ní kí Ìyá Àṣàkẹ́ sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú mi. Ó ní, “Èmi ni mo ti ọmọ mi mọ́lé. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Àǹtí ló ṣàánú wa.” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mọ́mì pa tirẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Èmi náà dìde, mo tẹrí ba, bí mo ṣe sọ fún yín.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, mo lọ bá a ní Mile 12. Àárín apẹ̀rẹ̀ ló jókòó sí. Ó fi aṣọ rẹ̀ nu àpótí kan fún mi. Ó ní, “Àǹtí, ṣé Àṣàkẹ́ ṣe nǹkan ni?”

Mo ní rárá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: orúkọ, bírò, ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìjókòó tó ṣófo. Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ń ṣa tòmátì rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Mo mọ̀, ma.”

Mo bi í pé ta ló sọ fún un.

Ó ní, “Ọjọ́ tí ẹ wọlé ni mo wá dúró lẹ́nu géètì. Mo ní bóyá ọmọ kan ò ní wá. Mo rí ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ jọra. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń sọ fún tíṣà yín pé àbúrò òun ló ni ibẹ̀.”

Mo bi í pé kí ló dé tó wá kúnlẹ̀ fún mi. Mo bi í pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi náà sórí ara rẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ó gbé ojú sókè. Ó ní, “Àǹtí, ibo ni n bá gbé e lọ? Ta ló tún ń fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ ní gbogbo Kétu yìí? Tí mi ò bá kúnlẹ̀, tí ẹ bá bínú ńkọ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí n bẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní, “Mo ti dárí jì yín tipẹ́, ma. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé ọmọ mi.”

Ẹ wò ó. Èmi ni mo ṣẹ̀, òun ló ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́.

Mo lè sọ fún àwọn tòkè òkun. Wọ́n lè mú ẹlòmíràn sípò mi, wọ́n sì lè ti ibẹ̀ pa, kí gbogbo àwọn ọmọ náà padà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Mi ò mọ̀ bóyá nítorí àwọn ọmọ náà ni ẹ̀rù ń bà mí, tàbí nítorí ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má kàn sọ fún mi pé ó ti dárí jì mí. Ẹni tí kò láyè láti sọ pé rárá, irú ìdáríjì wo ló lè fún èèyàn?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, á tún mú Àṣàkẹ́ wá. Á tún kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni kí n ṣe?