Etí Òkun Tí Kì Í Gba Ọmọdé

Ẹ jókòó, Ìyá Praise, ẹ jókòó dáadáa! Ẹ má wulẹ̀ gbá kóòlà yẹn mọ́ra, mo ti rí i, mo mọ̀ pé iyán ló wà nínú ẹ̀, òórùn ọbẹ̀ ti ṣíwájú yín wọlé. Iyán! Láti Ìyámoyè! Iyán lẹ fẹ́ gbé lọ sí etí òkun! Ẹ tún ki róbà ìlúwẹ̀ẹ́ bọ ọmọ nídìí, ó sì gun ọ̀kadà bẹ́ẹ̀ wọ Kàbà, bí ẹni pé òkun ti ń dúró dè é lẹ́nu géètì wa. Praise, ọmọ mi, má wo ojú mi, màmá ẹ ni mò ń bá wí, lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ Emmanuella lẹ́yìnkùlé kó fún ẹ ní búrẹ́dì.

Kí lẹ wí? Kí n rọra, àwọn ará àdúgbò ń gbọ́? Kí wọ́n gbọ́! Kí ló kù tí wọn ò tíì gbọ́? Gbogbo ẹbí ló ti jẹ ẹ́ lẹ́nu lórí wásáàpù. Áà, mo mọ̀, ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé e síbẹ̀, ọkọ mi ni, Tíṣà tí ọ̀rọ̀ kì í sùn nínú ẹ̀. Ó fi àwòrán ibẹ̀ síta, ó kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ibi tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ sinmi rèé." Ọkùnrin rere! Ó rò pé ẹ máa kí òun kú oríire.

Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ìyanu, ló kọ́kọ́ fèsì. Wọ́n ní, "Ẹni tí kò bímọ, kí ló fẹ́ sinmi kúrò nínú ẹ̀?" Ẹ̀yin náà, àbúrò Tíṣà, ọkọ mi kékeré, ẹ̀yin tí mo rán yunifọ́ọ̀mù fún nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé yín, ẹ wá fi àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú ẹ̀ sí i. Ẹyọ kan ò tiẹ̀ tó yín, ẹ tò ó lọ rẹrẹ.

Kí ni mo fẹ́ sinmi kúrò nínú ẹ̀? Káì, ìbéèrè ọlọ́gbọ́n! Ẹ jẹ́ kí n ronú sí i. Ìyanuolúwa, ta ló bí i? Bàbá Ìyanu ni. Ilé ta ló ti ń jẹun láti kékeré? Ilé ẹni tí kò bímọ. Emmanuella tó tọ̀ sí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ yìí, ta ló bí i? Ẹ̀yin ni. Ta ló ń gbé fóòmù ẹ̀ sá sóòrùn? Ẹni tí kò bímọ. Ọbalolúwa ńkọ́, tí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ní Ẹ̀gbẹ̀ ní kó kàn wá lo ọlidé lọ́dọ̀ wa, ó ti ń hu irùngbọ̀n nínú ilé mi báyìí!

Bó bá di ìpàdé òbí nílé ìwé, èmi ni ìyá wọn, kò sẹ́ni tó ń bá mi du àga. Bó bá wá di ọjọ́ ọpẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ní kí àwọn abiyamọ jó bọ̀ síwájú, ẹ ó kó báàgì yín lé mi lẹ́sẹ̀. "Ìyàwó Tíṣà, ẹ bá wa ṣọ́ ọ." Mo sì ń ṣọ́ ọ! Ṣé ó sọnù rí? Ọdọọdún lẹ̀ ń jó, ọdọọdún ni mò ń ṣọ́ báàgì.

Ẹ ṣé tí ẹ bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ yẹn náà. Èmi tí mo fi ara mi kọ́ ìwé kíkà nídìí maṣíìnì ìránṣọ, èmi ni mo jókòó, mo yẹ àwọn etí òkun wò lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù. Èyí àkọ́kọ́, orin ni wọ́n ń lù níbẹ̀ tí iyanrìn fi ń gbọ̀n, ẹṣin ń sáré níwájú, ọ̀mùtí ń kígbe lẹ́yìn. Mo ní rárá. Èyí èkejì, àwọn aládùúrà ló gba etí omi ibẹ̀, wọ́n ń wẹ̀ fún àwọn tó ń wá ọmọ. Ibẹ̀ gan-an lẹ wá fi ránṣẹ́ sí ọkọ mi ní kọ̀rọ̀ pé, "Ẹ kúkú lọ síbí, kí ìrìn-àjò yín lè nítumọ̀." Hàbà! Ẹ rò pé mi ò rí i? Omi wo ni wọn ò tíì dà lé mi lórí láti Kàbà dé Ẹ̀júkù? Bó bá jẹ́ pé omi ló ń fúnni lọ́mọ ni, èmi ni ǹ bá bí gbogbo yín! Omi tí mò ń wá báyìí, kí n kàn jókòó tì í ni, kó má bi mí ní nǹkan kan, kí èmi náà má tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rí èyí ẹ̀kẹta níhà Badagry, ilé onípákó kéékèèké lábẹ́ igi àgbọn, ó pa lọ́lọ́, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn kì í gba ọmọdé. Mo ní, Tíṣà, ibi tá à ń lọ nìyí. Lẹ bá kọ "abájọ" sórí wásáàpù. Abájọ nìkan, ẹ ò fi nǹkan kan tẹ̀lé e. Abájọ kí ni, Ìyá Praise? Ẹ parí ẹ̀, ojú mi rèé. Ẹ parí ẹ̀ ná.

Ìdérí kóòlà lẹ wá ń tún dé!

Ó dáa, ẹ gbọ́, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Níbi tí wọn kì í gba ọmọdé, kò sí obìnrin kan tó máa gbé ọmọ dání. Gbogbo wa! Ta ló máa mọ ẹni tó fi tiẹ̀ sílé, ta ló máa mọ ẹni tí kò bí rárá? Kò sẹ́ni tó máa wo ẹ̀yìn mi bóyá mo pọn nǹkan. Kò sẹ́ni tó máa gbé báàgì fún mi. Èmi àti Tíṣà á kàn di ọkùnrin kan àti obìnrin kan tó ń jẹ ẹja. Látọjọ́ tí a ti fẹ́ra, a ò tíì jókòó jẹun rí kí ẹnì kan má wá kanlẹ̀kùn.

Lẹ wá gbé Praise dé. "Kó kàn rí òkun ni." Ẹ ní kí n bẹ àwọn tó ni ibẹ̀, bí wọn ò bá gbà, kí n fi í pamọ́ sí yàrá, kí n máa ṣọ́ ọ. Kí n máa ṣọ́ ọ! Ọ̀rọ̀ báàgì ò tíì tán!

Ẹ̀ ń sunkún? Ẹ sun ún dáadáa. Iyọ̀ wà nínú omijé, ẹ pe Praise kó wá wò ó, ó ti rí òkun nìyẹn.

Ẹ gbọ́, Tíṣà ti ń fọn fèrè mọ́tò. Kọ́kọ́rọ́ ilé rèé. Ẹ gbà á. Ẹ̀yin lẹ máa dúró ti àwọn ọmọ yín títí a ó fi dé. Hẹn, ẹ̀yin ni! Ẹ ti kúkú gbé oúnjẹ wá. Ọbalolúwa kì í jẹ ilá, ẹ má bá a jà. Ẹ jí Emmanuella kó tọ̀ kílẹ̀ tó mọ́, bí ẹ ò bá sì jí i, fóòmù wà, oòrùn wà. Bí Bàbá Ìyanu bá pè, ẹ bá mi bi wọ́n pé kí làwọn náà ń sinmi kúrò nínú ẹ̀.

Praise! Praise o, wá. Bọ́ róbà yẹn fún mi, ọmọ dáadáa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, Ìyá Praise. Ta ló ń lọ sí òkun nínú wa? Èmi ni. Ta ni kò mọ̀wẹ̀? Èmi náà ni! Ẹ wò ó, ó há mi ní itan! Yéè, kò gòkè, kò sọ̀ kalẹ̀! Há há há! Tíṣà, ẹ ṣílẹ̀kùn mọ́tò o, mò ń bọ̀ báyìí bí mo ṣe wà!