Funfun Ni Oògùn Tí Mo Fún Màmá

Ẹ̀yin ọmọ Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Mo rí i pé àwọn kan nínú yín ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, ẹ kò tilẹ̀ dúró pààrọ̀ kí ẹ tó máa bọ̀. Màmá ló ní kí a pè yín, ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ọ̀rọ̀ tí a tìtorí rẹ̀ pè yín. Ẹ mọ̀ mí sí apòògùn tó wà ní ilé oògùn tó kọjú sí ibùdókọ̀, ẹni tí ìyá yín máa ń pè ní ọkọ wọn. Ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ mi rí nítorí ọ̀rọ̀ wọn. Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àkọ́bí, ẹ di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ náà, ẹ ní Ọlọ́run ló fi mí sọ́nà yín. Ọpẹ́ yẹn ni mo wá dá padà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò dùn-ún gbọ́, kò sì dùn-ún sọ, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó dá mi lóhùn.

Nígbà tí mo gba iṣẹ́ yẹn, inú mi dùn. Ibi tí wọ́n ti ń kó oògùn pamọ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í ti kán mi lójú, mo sì rò pé ilé oògùn tí èèyàn ń wọ̀ tó ń jáde yóò múnú mi dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní apòògùn tí mo wá rọ́pò rìnrìn àjò. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé ó sá lọ ni. Ọ̀gá wa tó ni ṣọ́ọ̀bù náà, Ìyá Kíákíá ni à ń pè wọ́n lẹ́yìn, torí gbólóhùn kan kì í jáde lẹ́nu wọn kí "kíákíá" má bá a jáde. Àga kan wà lẹ́yìn káńtà, ṣùgbọ́n páálí oògùn ikọ́ ló jókòó sí i láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, èmi ni mo wà lórí ìdúró. Fóònù á máa dún, ẹnìkan á máa húkọ́ sí mi lójú, ìyá ọlọ́mọ kan á gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá, ẹni tó kó ọjà dé á ní kí n wá fọwọ́ sí ìwé. Mo gbàgbé oúnjẹ, mo gbàgbé ilé ìtọ̀. Bí mo bá délé, ìyàwó mi á ní mo ń pín oògùn lójú oorun, pé mo ń sọ fún ìrọ̀rí pé kó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ. A máa ń fi rẹ́rìn-ín nígbà náà. N kò sọ èyí kí ẹ lè ṣàánú mi. Iṣẹ́ ló fa àṣìṣe náà, èmi ni mo fa ìyókù.

Àárín hílàhílo yẹn ni Màmá máa ń wọlé. Wọn kì í tì mí. Wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n á gbé báàgì lé itan, títí yóò fi kàn wọ́n. Bó bá kàn wọ́n, wọn kò ní kọ́kọ́ mú ìwé dókítà jáde, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Ọkọ mi, ṣé o ti jẹun?" Nínú gbogbo èrò tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwọn nìkan ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé bọ́tìnnì kan ti já lára kóòtù funfun mi. Ẹ mọ̀ pé aránṣọ ni wọ́n. Wọ́n yọ abẹ́rẹ́ àti òwú nínú báàgì, wọ́n ní kí n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n sì rán an mọ́ mi lára lórí ìdúró níbẹ̀. Wọ́n ní, "Sọ fún ìyàwó rẹ pé ìyáálé rẹ̀ ló rán an." Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣe mí lóore báyẹn ni mo ṣe báyìí.

Lọ́jọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀, ìlà ti dé ẹnu ọ̀nà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá ń lò, hóró kékeré tó pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Nítòsí rẹ̀ lórí pẹpẹ ni oògùn ìtọ̀ ṣúgà wà, funfun ni tirẹ̀, orúkọ méjèèjì sì jọra bí ìbejì. Fóònù wà láàárín etí àti èjìká mi. Mo nawọ́ mú ike, mo da hóró sínú ọ̀rá kékeré, mo kọ ọ́ sí i lára pé ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹyọ kan láàárọ̀, mo sì nà án sí wọn. Ó yẹ kí n wo ara ike náà lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa nìyẹn kí wọ́n tó kọ́ wa ní nǹkan mìíràn. N kò wò ó.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Màmá pè mí. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, oògùn tó o fún mi mà funfun lọ́tẹ̀ yìí. Ṣé kò sí nǹkan?" Èèyàn dúró níwájú mi tó ń fi ìka lu káńtà. Mo ní, "Màmá, ilé iṣẹ́ mìíràn ló ṣe é ni. Oògùn kan náà ni. Ẹ lò ó." Wọ́n ní, "Ó dáa, ìwọ lo mọ̀ ọ́n." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún mi, mo sì ti gbé fóònù sílẹ̀ kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ìyá yín rí àṣìṣe mi. Wọ́n rí i kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e mì.

Ẹ̀yin náà lẹ mọ bí ẹ ṣe bá wọn nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí aṣọ ọmọ iléèwé kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní ṣúgà ara wọn ló lọ sílẹ̀ bí ẹni tó lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà. Àǹtí, ẹ kó gbogbo oògùn wọn sínú báàgì, ẹ gbé e wá bá mi. Ẹ ní, "Dókítà, ẹ bá wa wò ó, ìyá wa kò ní ìtọ̀ ṣúgà." Ọ̀rá tí mo fọwọ́ ara mi kọ ló wà lókè. Mo rí funfun nínú rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án.  Mo ní kí ẹ jókòó, kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Nínú yàrá tí a ń kó ọjà sí, mo da hóró funfun wọ̀nyẹn sápò, mo da èyí tó pupa sínú ọ̀rá náà, mo sì gbé e jáde fún yín. 

Mo ní, "Oògùn wọn pé pérépéré. Ǹjẹ́ ẹnìkan nínú ilé ní ìtọ̀ ṣúgà?" Ẹ ní bàbá yín tó ti di olóògbé ló ní in, pé oògùn wọn ṣì wà nínú àpótí, pé Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó o dànù. Mo bá mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ṣé Màmá ti ń gbàgbé nǹkan ni?" Ẹ ronú. Ẹ ní wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ sọnù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní wọ́n fi orúkọ àbúrò yín pè yín. Ta ni ìyá rẹ̀ kì í pè bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n mo mi orí, mo ní, "Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn." Ibẹ̀ lẹ ti di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí ẹ lọ tán, mo lọ sọ òtítọ́ fún ọ̀gá mi. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Kí ni ọmọ náà gbà gbọ́?" Mo ní ó gbà pé ìyá òun ló ṣi oògùn lò. Wọ́n ní, "Ìyá náà kú ni?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ó ti tán. Èrò wà ní ìta, kíákíá." N kò dá wọn lẹ́bi jù. Ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn tí yóò sá gbà ni mí, wọ́n kàn bá mi ṣí i ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe èyí ló burú jù. Nígbà tí Màmá kúrò ní ilé ìwòsàn, ẹ mú wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù kí n lè là wọ́n lọ́yẹ̀ lórí oògùn wọn. Wọ́n dúró níwájú mi, wọ́n ti rù. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, sọ fún wọn. Mo pè ọ́. Mo ní funfun ni, o ní kí n lò ó." Wọn kò bínú, wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tó mú ẹlẹ́rìí rẹ̀ wá. Àǹtí, ẹ̀yin náà yíjú sí mi. Ààyè ṣì wà fún mi nígbà náà láti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi ohùn pẹ̀lẹ́ tí a máa ń fi bá aláìsàn sọ̀rọ̀ sọ ọ́, mo ní, "Màmá, ẹ kò pè mí. Bóyá àlá ni ẹ lá."  Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú, mo ti dà yín láàmú." Màmá, tí wọ́n máa ń pè mí ní ìwọ, wá ń pè mí ní ẹ̀yin bí àlejò.

Ìyókù ṣojú yín. Ẹ ti ilé wọn pa, ẹ mú wọn wá síbí. Ẹ fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọrẹ, ẹ kò jẹ́ kí wọ́n tan sítóòfù mọ́, ẹ kò jẹ́ kí wọ́n dá jáde. Ìfẹ́ ló mú yín ṣe é, irọ́ mi ló ń júwe ọ̀nà fún un. Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún bá yín wá gba oògùn. Bí ẹ ṣe jáde lọ gba fóònù, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́, hóró kan wà níbẹ̀. Wọ́n rọra ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo lèyí? Ojú mi rí pupa, ṣùgbọ́n mi ò gba ojú mi gbọ́ mọ́." Mo ní pupa ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

N kò lè ṣe iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó mi. Ó gbọ́ ọ títí, ó ní, "Èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún." Lánàá, nígbà tí ẹ wà níbi iṣẹ́, mo wá bá Màmá nínú yàrá yìí, mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ọ́.  Wọ́n ní, "Ṣé mo pè ọ́ lóòótọ́?" Mo ní, "Ẹ pè mí, Màmá." Wọ́n ní, "Tún un sọ." Mo tún un sọ, wọ́n tún ní kí n tún un sọ. Wọn kò bú mi. Wọ́n ní kí n dìde, kí n lọ múra bí mo ṣe máa sọ ọ́ lójú ọmọ wọn.

Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo ti kọ̀wé fẹjọ́ ara mi sun àwọn tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wa, ohun tí wọ́n bá fi mí ṣe, ó tọ́ sí mi. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń bọ̀ wá ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ sọ fún un pé kó sọ àṣìṣe rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, kó má dúró kó di ọjọ́ kejì. Ẹ bú mi, ó tọ́. Ẹ gbé mi lọ sílé ẹjọ́, màá bá yín lọ. N kò bẹ̀ yín kí ẹ dárí jì mí lónìí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dojú kọ mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ìyá yín níbi tí wọ́n jókòó sí yẹn. Wọ́n ti sọ òtítọ́ fún yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ bẹ̀.