Ìkòkò Ńlá

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Maitumbi ni mo ti gbọ́ ọ, èmi, obìnrin méjì tí wọ́n jọ jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àti ìkòkò kan tí kò jẹ́ ká rí àyè gbé ẹsẹ̀ sí.

Àbúrò ló bẹ̀rẹ̀: "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń ní èèyàn ò ní wá síbi ìnáwó yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà ìkómọ ọmọ mi yìí, ìkòkò kékeré ni mo gbé kaná. Àlejò kún ilé, oúnjẹ tán, ojú tì mí. Ní báyìí ó ti parí Àlùkùránì, ọ̀la ni wòlímọ̀ ẹ̀."

"Tí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"Haba! Ohun tí ọkàn mi ń sọ látàárọ̀ nìyẹn. Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ, ìkòkò ńlá ni mo máa gbé kaná."

Bó ṣe pe "ìkòkò ńlá" yẹn, àfi bí ẹni ń ki ọmọ.