Omi Wàláà tí Mo Dà Sórí Okùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ara ti ń tù mí báyìí, àmọ́ ó ku ibì kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kẹ́ ẹ tó bú mi.

Ọmọ Ìlọrin ni wá. Kéwú ni bàbá mi ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sauka Kahuta, ní Minna. Ní nǹkan bí ọdún 1997, tíṣà kan wá sí ilé ìwé wa láti Nẹ́páàlì. Ẹlẹ́sìn Búdà ni. Máláàmù Táṣì la ń pè é. Òun ló kó wa jọ pé ká máa gun àpáta.

Ó ti sọ fún wa pé nílé àwọn, ẹnikẹ́ni kì í gun òkè láìkọ́kọ́ gbàdúrà sí okùn. Ẹ̀rù bà mí. Ẹbọ ni mo pè é nínú ọkàn mi.

Bàbá mi a máa fọ wàláà, pátákó tó bá kọ Kùránì sí, a sì fún aláìsàn ní omi rẹ̀ mu. Mo jí díẹ̀ bù sínú ìgò.

Nígbà tá a dé ìdí àpáta, Máláàmù tẹ́ okùn sílẹ̀, ó sun tùràrí, ó gbàdúrà, ó fọ́n ìrẹsì, ó sì fi ìyẹ̀fun kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa. Bí wọ́n ṣe lọ mu kunu, mo da omi wàláà sórí okùn náà. Ẹ jọ̀ọ́, mo rò pé mo ń dáàbò bò wá ni.

Okùn tutù. Ó yọ̀ mọ́ Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ bó ṣe ń gun àpáta. Ó já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán.

Wọ́n ní òrìṣà Máláàmù ló fẹ́ gbẹ̀jẹ̀. Wọ́n lé e kúrò nílé ìwé. Mo dákẹ́. Ó wá dágbére fún bàbá mi, ó ní bóyá òun ni ò gbàdúrà náà dáadáa, "sai haƙuri," pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Fọlákẹ́ ní Tunga Low Cost. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ó fà mí dìde.

"Haba, Sáràtù. Ẹsẹ̀ mi ti jinná tipẹ́. Ìwọ lo ṣì ń tiro."

Ó bu tuwo fún mi. A jọ jẹ ẹ́. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó wá ku Máláàmù. Báwo ni mo ṣe lè rí i? Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ibi tó wà, ẹ sọ fún un pé kò sóhun tó ṣe àdúrà rẹ̀. Okùn ló tutù, èmi ni mo sì da omi sí i.