Agolo Ẹ̀bùnọlá tí Mo Ṣí

Dókítà ní kí n má wulẹ̀ ra kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà ní Berlin àti Hamburg, ẹ gbọ́ ohun tí èmi Adégbọlá ṣe, kí n má baà kó irọ́ wọ sàréè. Ẹ má yìn mí pé mo láyà. Ojo ni mí. Ikú ló ń lé mi bọ̀.

Iṣẹ́ mi ni láti mú àwọn ọmọ ilé-ìwé girama káàkiri ibi àfihàn fọ́tò nínú mùsíọ́mù kan ní Berlin. Führung ni wọ́n ń pè é. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò. Kámẹ́rà àlòkù ni mo tú palẹ̀, mo tò ó padà, mo tún un tú, títí mo fi mọ ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni agolo tíì: ẹ fi ọ̀dà dúdú kun inú rẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò kan ṣoṣo sí i lára, ẹ lẹ bébà fọ́tò mọ́ ọn nínú òkùnkùn, ẹ dé e, ẹ fi nǹkan dí ihò náà. Tẹ́ ẹ bá dé ìta, ẹ ṣí ihò náà, ẹ máa ka ení, èjì títí ìmọ́lẹ̀ á fi tó, ẹ tún dí i. Agolo lásán di kámẹ́rà. Gbogbo kíláàsì tó bá wá ni mo ń kọ́ ní èyí, mo sì kórìíra gbogbo wọn. Olùkọ́ á máa wo aago, ọmọ á máa jẹ ṣingọ́ọ̀mù, èmi á máa ka ohun tí mo ti há sórí láti ọdún mẹ́fà bí odídẹrẹ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún tó kọjá, kíláàsì kan wá láti Billstedt ní Hamburg. Ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn, Ẹ̀bùnọlá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. A dúró níwájú àwòrán àtijọ́ kan: àwọn obìnrin tó máa ń ṣa ẹ̀gbin kúrò lára kọfí ní ilé ìkẹ́rù Veddel, ní Hamburg, wọ́n ń rìn lójú ọ̀nà, afárá odò Elbe lẹ́yìn wọn, oòrùn lẹ́yìn afárá. Mo ní òwúrọ̀ ni, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Ọmọ náà sún mọ́ mi, ó fi Yorùbá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "Bọ̀dá, ẹ má bínú o. Veddel ni mọ́mì mi ti ń ṣiṣẹ́. Ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí ni afárá yẹn wà. Ìrọ̀lẹ́ ni. Wọ́n ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni." Òótọ́ ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń purọ́ mọ́ àwọn obìnrin tó ti rẹ̀. Olùkọ́ bi í pé kí ló sọ. Ó ní, "Nichts," kò sí nǹkankan.

Ó bo àṣírí mi. Ẹni tó ní làákàyè á dúpẹ́. Èmi, inú ló bí mi. Ọmọ tí n bá bí lọ́mọ ló wá ń ṣàánú mi!

Kó tó di ọ̀sán, oníkálukú fi agolo ya àwòrán. Mùsíọ́mù máa mú ẹni kan nínú wọn fún Praktikum, kó wá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀bùnọlá gbé tirẹ̀ sórí ògiri kúkúrú, ó fi òkúta tì í kó má mì. Ó bi mí pé, "Bọ̀dá, bí ìkùukùu bá bo oòrùn, ṣé kí n fi kún iye tí mo ń kà?" Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ oníṣẹ́ tí mo bá rí i.

Nígbà tí wọ́n lọ jẹun, mo wọ yàrá òkùnkùn. Àwọn agolo wà lórí tábìlì, orúkọ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo tan iná funfun. Mo ṣí agolo Ẹ̀bùnọlá. Mo ka ení, èjì, ẹ̀ta, mo dé e padà. Bébà fọ́tò kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ láti kú. Vincent, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo iná, ó wo agolo ọwọ́ mi. Ó ní, "Adégbọlá, tìẹ nìyẹn o. Ebi ń pa mí." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ojo bíi tèmi.

Lábẹ́ iná pupa, àwòrán àwọn yòókù ń yọ nínú omi òògùn. Ti Ẹ̀bùnọlá dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bọ̀dá, kí ni mo ṣe?"

"Ìwàǹwára ni. O ṣí i wò."

"Mi ò ṣí i o. Mo fi Ọlọ́run búra."

Mo kọjú sí olùkọ́, mo fi Jámánì sọ pé ọmọ yìí ṣí i, ó sì tún ń parọ́. Leon, ọmọ kíláàsì rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ wò ó, inú àpò rẹ̀ ló yà!" Leon yìí ló gba Praktikum. Bàtà ara rẹ̀ ló yà ní tirẹ̀.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù? Olùkọ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn nílé. Ní Sátidé, ìyá rẹ̀, Fadékẹ́mi, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Hamburg, ó gbé kúlà mọ́ín-mọ́ín lọ́wọ́, ó ti ọmọ síwájú. Obìnrin yìí á fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Kò wá bínú. Ẹ̀bẹ̀ ló wá bẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Mi ò kọ́ ọmọ mi kó máa purọ́ fún àgbà. Ẹ̀bùnọlá, kúnlẹ̀!" Ọmọ ní, "Mama, ich war's nicht," òun kọ́. Ìyá gbá a létí. Ni òun fúnra rẹ̀ bá kúnlẹ̀ sórí kọnkéré níwájú mùsíọ́mù, àwọn èèyàn ń kọjá. Nígbà tí ọmọ rí ìyá rẹ̀ nílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Èmi ni mo ṣí i."

Èmi tí mo ṣí i, mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́. Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Mo sì jẹ mọ́ín-mọ́ín náà. Ó dùn.

Mo gbọ́ pé ọmọ náà kò fọwọ́ kan kámẹ́rà mọ́. Ó ní ọwọ́ òun kò yẹ iṣẹ́ yẹn. Mo ti kọ òótọ́ ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù àti sí ilé-ìwé rẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùnọlá, ẹ foríjì mí. Ọmọ yín kò purọ́ kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí, àfi èyí tó pa lórí ìkúnlẹ̀ nítorí yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ̀bùnọlá, mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí. Ohun kan ni kí o gbà lẹ́nu mi: o kà á pé, ihò rẹ mọ́, bébà rẹ dáa. Kò sí nǹkan tó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ.