Ìbúra Tí Wọ́n Fi Irọ́ Gbà

Àṣìṣe tèmi ni pé mo dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí, nínú ọkọ̀ ojú omi alájẹ̀ tó ń ti ọjà Èjìnrìn lọ sí Ẹ̀pẹ́, níbi tí ọkùnrin kan ti ń ṣàròyé fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irọ́ ni àwọn àlejò yẹn pa fún wa! Wọ́n ní ọ̀nà jíjìn làwọn ti wá, pé omi ti gba ilé àwọn. A wá búra pé kí wọ́n máa dáko lórí ilẹ̀ bàbá wa. Àṣé ìtòsí níbí ni wọ́n ti wá, ìjà ni wọ́n jà tí àwọn ará ìlú wọn fi lé wọn! Lọ́la ni wọ́n á kẹ́rù wọn kúrò lórí ilẹ̀ wa."

"Ẹ lé wọn jàre!" lèmi náà wí, mo sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n náà ò tilẹ̀ wò mí. "Jóṣúà inú Bíbélì ńkọ́? Àwọn ará Gíbéónì gbé búrẹ́dì gbígbẹ tó ti bu wá bá a, wọ́n ní ọ̀nà jíjìn làwọn ti ń bọ̀. Ó búra fún wọn pé òun ò ní pa wọ́n. Ìgbẹ̀yìn ló mọ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n."

"Ó sì lé wọn."

"Lé kẹ̀? Nígbà tí àwọn ọba márùn-ún gbógun ti àwọn ará Gíbéónì, òun ló kó ọmọ ogun lọ gbà wọ́n sílẹ̀!"

Ọkùnrin náà lanu sílẹ̀. "Àwọn òpùrọ́ yẹn?"

"Etí rẹ̀ ni wọ́n tàn jẹ. Ẹnu rẹ̀ ló fi búra."

Ẹ̀gbọ́n náà wá yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ta ni ìwọ ti búra fún rí?"

Mo ti búra fún ọmọbìnrin kan ní Ìmọ́tà pé n ó fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo gbọ́ pé ó ti bímọ rí, tí kò sì sọ fún mi, mi ò yọjú síbẹ̀ mọ́. Obìnrin náà ló béèrè nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, ọmọbìnrin Ìmọ́tà yẹn ni mo jẹ ní ìdáhùn.