Ẹyẹ Tí Mo Fi Ojú Sí

"Ta ló fi ojú sí ẹyẹ yìí?"

Mbah Rukmi, ìyá ìyá mi, ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó na aṣọ bátíkì kan tó rà lọ́jà Lasem sí ìmọ́lẹ̀. Èmi ni. Ẹ jẹ́ kí n tú u síta wàyí, nítorí ìyá àgbà ti ń kú lọ lórí ẹní.

Nínú gbogbo aṣọ tí ìyá àgbà fi ìda gbígbóná ya, ẹyẹ kan máa ń wà tí kò lójú. Ó ní bí gbogbo wọn bá ríran, wọn á rí ọ̀nà jáde nínú aṣọ, ọwọ́ tó yà wọ́n á sì bá wọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ yunifásítì ni mí, àlọ́ tí n kò bá rí ìtumọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí n sùn. Kí wọ́n tó ta àwọn aṣọ náà tán, mo ti ya fọ́tò wọn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà títí ó fi mọ bí ọwọ́ ìyá àgbà ṣe ń tẹ̀, mo wá gbé e sórí fóònù fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ̀rọ náà ka ojú tó ṣófo sí àṣìṣe, ó ń fi ojú síbẹ̀. Mo rí i, n kò dá a dúró. Orúkọ ara mi ni mo tún kọ sí i, ọ̀dájú ni mí.

Kí n má purọ́, ó ṣe àwọn kan lóore. Yu Warsih aládùúgbò wa, tí àrùn ti rọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tẹ̀ lé àwòrán orí fóònù, ó fi ọwọ́ òsì ya aṣọ àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, mo rò pé wọ́n á kọ́kọ́ sin ọwọ́ mi kí wọ́n tó sin èmi ni."

Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ ara aṣọ wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé wa. Gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ládùúgbò, ọ̀dọ̀ wa ni ojú wọn ń kọ sí, bí afẹ́fẹ́ tilẹ̀ yí wọn padà. Ọwọ́ ìyá àgbà sì ń gbàgbé: ewé ló kọ́kọ́ lọ, òdòdó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìyẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó gbé ọ̀pá tó fi ń da ìda sára aṣọ, ó ń wò mí bí ẹni pé kí n sọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Lánàá ni mo jẹ́wọ́ fún un lórí ẹní. Kò bínú. "Bagas, ǹ bá ti fún gbogbo ayé ní iṣẹ́ ọwọ́ mi. O ò tọrọ ni. Níbo wá ni ẹyẹ mi tí kò ríran wà?"

Mo wá a káàkiri ìlú. Gbogbo ẹyẹ tí mo rí ló ń wò mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa tọrọ. Ìyá àgbà, ẹ dárí jì mí.

Láàárọ̀ yìí Yu Warsih gbé tíì wọlé bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e kalẹ̀, ìyá àgbà di etí ìró rẹ̀ mú. Aṣọ àkọ́kọ́ yẹn ni, tí kì í bọ́ lára rẹ̀. Lẹ́bàá orúnkún, ẹyẹ kan wà níbẹ̀, ibi tí ojú yẹ kó wà funfun báláú.

"Mo mọ̀ pé ẹ kì í fi ojú sí ọ̀kan, Mbah," ni Yu Warsih wí. "Mo da ìda bò ó kí aró má bàa mú un."

Ìka ìyá àgbà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ìyẹ́ ẹyẹ náà, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.